Bí a ṣe ń ṣe yógà láì fara ṣèṣe: ohun tí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ mi

Ìró kékeré kan ni. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rí mọ̀ ọ́n: bí òwú ṣe máa ń já lábẹ́ abẹ́rẹ́, "pẹ́", tí ẹsẹ̀ ẹni á ti tẹ ẹ̀rọ síwájú díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé kò sí òwú mọ́. Mo wà lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, mo ń wá bí ọwọ́ mi á ṣe kan ìka ẹsẹ̀, torí pé obìnrin inú fídíò yógà ti mú tirẹ̀, ó tún wá fi iwájú orí lé orúnkún bí ẹni fẹ́ sùn. Mo di ara mú, mo fà á. "Pẹ́" yẹn dún nísàlẹ̀ ìdí mi lápá ọ̀tún. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ara ti ń ṣí nìyẹn.

Ara kò ṣí. Odindi oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi lè jókòó sídìí ẹ̀rọ fún wákàtí kan kí n má dìde nà. Àwọn oníbàárà ń béèrè aṣọ Iléyá, èmi ń jókòó sórí ìdí kan ṣoṣo bí ẹni tó fẹ́ sá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ kiné, oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá wo iṣan àti oríkèé, ọmọkùnrin tí kò ju àkọ́bí mi lọ, ó fi ìka kan tẹ ibẹ̀, mo sì ké. Ó ní iṣan ẹ̀yìn itan ni, níbi tó ti so mọ́ eegun tí a fi ń jókòó. Ó wá bi mí pé, "Màmá, ṣé kò ti ń bá yín sọ̀rọ̀ kó tó di pé ó já?"

Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń ta mí níbẹ̀ bí mo bá ti tẹ̀ síwájú. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń sọ̀rọ̀.

Mi ò kì í ṣe dókítà. Aránṣọ ni mí, ọrùn àti ẹ̀yìn tó ń ro mí láti inú iṣẹ́ ló gbé mi dé ìdí yógà, ìyẹn nínà ara pẹ̀lú mímí pẹ̀lẹ́. Àwa méje la jọ ń ṣe é báyìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi àti àwọn obìnrin ojúde wa, àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Bí a ṣe ń ṣe é láì tún gbọ́ "pẹ́" kankan ni mo fẹ́ kọ síbí. Àwọn ará Íńdíà tó ni ẹ̀kọ́ yìí fi ohun kan ṣíwájú gbogbo rẹ̀, wọ́n ń pè é ní ahimsa: kí a má ṣe pa ẹ̀dá kankan lára. Ó ya mí lẹ́nu pé ọdún kan ni mo fi ń ṣe yógà kí n tó mọ̀ pé èmi náà wà lára ẹ̀dá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ìtàn ara yín kí ẹ tó tẹ́ ẹní

Ẹ bi ara yín ní ohun tó ti ṣẹ́ rí, ohun tí wọ́n ti là rí, ohun tó ń dùn yín ní ìdákúrekú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn wọ̀nyí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí tí dókítà ojú sọ fún pé ó ní glókómà, kò gbọdọ̀ máa ṣe èyí tí orí máa fi wà nísàlẹ̀ tí ìdí á wà lókè. Àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti ń fúyẹ́, pàápàá obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, kí ó má fi agbára ká ẹ̀yìn kò, torí pé eegun ẹ̀yìn lè ṣẹ́ wẹ́wẹ́ láì sí ariwo. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ní láti mu omi dáadáa, kí ó má jẹ́ kí ó rẹ òun jù, kí ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ti aboyún gba àlàyé. Oyún máa ń mú kí oríkèé tú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó lè dà bíi pé ara yín ti wá rọ̀ lójijì, kí ẹ sì nà án kọjá ibi tó yẹ. Ẹ má nà án dé òpin. Ẹ má fi ikùn yí bírí. Bí oyún bá ti tó oṣù márùn-ún, ẹ má sùn lórí ẹ̀yìn pẹ́, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ oyún ṣe rí lọ́dọ̀ wa: a kì í kéde rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Obìnrin kan bá wa ṣe é fún oṣù méjì láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìgbà tí ikùn yọ la tó mọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Láti ìgbà yẹn, n kì í béèrè mọ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹni tó bá ní ohun tí kò tíì fẹ́ sọ, kí ó má yí ikùn, kí ó má sì dojú bolẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi í léèrè ìdí." Bí ẹ bá ń kọ́ ẹlòmíì, ẹ gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kó irinṣẹ́ jọ láti inú ilé

Ohun tí wọ́n ń tà fún yógà wọ́n, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà nílé yín. Àpótí kékeré tí ẹ fi ń dáná jẹ́ ibi ìgbọ́wọ́lé nígbà tí ọwọ́ kò bá kan ilẹ̀. Ọ̀já ìpọnmọ ni ẹ ó fi fa ẹsẹ̀ mọ́ra. Ìró àtijọ́ méjì tí ẹ ká pọ̀ á gbé ìdí sókè. Ògiri kò sì ní gbowó lọ́wọ́ yín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn aláìlera. B.K.S. Iyengar, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí ní 1918, tó sì kú ní 2014, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé nínú iṣẹ́ yìí, òun gan-an ló sọ lílo okùn, igi àti aṣọ kíká di àṣà ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Pune. Ara tirẹ̀ kò le nígbà tó wà lọ́mọdé, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹní nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹní ọ̀rẹ́ tí a fi ń kírun dára fún ìjókòó, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tó ń dán ó máa ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n da ilá sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹní rọ́bà, ẹ kúkú fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ǹtì nígbà tí ẹ bá ń ṣe ti ìdúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kí ara yín

Èyí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ sùn sórí ẹ̀yìn, ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀, kí ọwọ́ kan wà lórí ikùn. Ẹ pa ojú dé. Bí a ṣe ń jí tí a ń lọ kí àwọn ará ilé láti yàrá dé yàrá, tí a ń béèrè bí oorun ti rí, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kí ara yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ọrùn-ẹsẹ̀ ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ má yára. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni.

Ẹ sọ ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ ní pàtó. "Ara ń ro mí" kò tó. "Èjìká òsì wúwo ju ọ̀tún lọ, ó sì ń ta mí nígbà tí mo bá yíjú" ni ọ̀rọ̀ gidi. Fún ohun tó bá ń dùn yín, ẹ fún un ní iye láti 0 dé 10. Bí iye náà bá lé ní 3 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti yí padà: ẹ máa mí, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ògiri, ó tán.

Ohun mẹ́ta lè mú kí ara parọ́ fún yín. Àìsùn ni ọ̀kan. Ìbínú ni èkejì; mo ti rí ọmọ iṣẹ́ mi kan tó bá ọkọ rẹ̀ jà láàárọ̀ tó wá ń fi ẹsẹ̀ fa iṣan bí ẹni ń fa igi lókè. Ẹ̀kẹta ni oògùn ìrora. Bí ẹ bá ti lo parasẹ́tamọ́ọ̀ torí ẹ̀yìn, ẹ̀yìn yẹn lè má kìlọ̀ fún yín dáadáa títí oògùn á fi kúrò lára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mú ara gbóná

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó: ẹ yí èjìká, ẹ yí ìbàdí, ẹ rìn lójú kan kí orúnkún máa gòkè. Nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó di mẹ́wàá, torí pé iṣan tó tutù máa ń le. Nígbà ooru, òdìkejì ni ewu rẹ̀. Ooru Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rinrin inú ọ̀sà máa ń mú kí ara rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ ó sì rò pé ẹ ti di ọ̀jáfáfá. Ẹ mu omi, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Oúnjẹ tó wúwo ní láti ti wọnú fún wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ jẹ́ kí èémí jẹ́ ìwọ̀n

Nínú iṣẹ́ mi, okùn ìwọ̀n ni adájọ́. Oníbàárà lè sọ pé ìbàdí òun kò ju báyìí lọ, okùn á sọ òótọ́. Lórí ẹní, èémí ni okùn ìwọ̀n. Ojú yín lè tàn yín, ìtìjú lè tì yín síwájú, orin inú fídíò lè gbé yín lọ, èémí kò mọ irọ́ pa.

Ẹ dán an wò báyìí níbi tí ẹ wà. Ẹ fi imú mí sínú títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, ẹ mí síta títí ẹ ó fi ka mẹ́rin. Ó rọrùn. Ẹ wá yí ara sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa bá kíkà yẹn lọ. Ibì kan á wà tí ẹ kò ní lè kà dé mẹ́rin mọ́, ẹ ó ka méjì àbọ̀, èémí á kù sí ọ̀nà. Ẹ padà sẹ́yìn títí mẹ́rin á fi tún pé. Ibi tó pé sí yẹn ni ààlà yín lónìí. Ó lè má jẹ́ ibẹ̀ lọ́la.

Àmì mìíràn wà tó ń bá èémí rìn. Eyín máa ń di mọ́ eyín. Iwájú orí máa ń hunjọ. Ìka ẹsẹ̀ máa ń ká kò bí ẹni ń mú ilẹ̀ kó má bàa sá lọ. Èmi, ahọ́n mi ló máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló máa ń di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ wá tiyín. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ti ní ẹ̀ṣọ́ tí kì í sùn.

Kí ẹ dúró nínú ìdúró kọ̀ọ̀kan fún èémí márùn-ún, ó tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má di èémí mú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, èyí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín fífà àti ríro

Ẹ mú aṣọ kan, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Kì í ya láàárín. Ojú ibi tí a ti rán an ni ó ti ń ya. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan ara. Àárín rẹ̀ nípọn, ó sì lè nà. Ibi tó ti so mọ́ eegun kò ní ìnà bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé ibẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè jinná bó bá bàjẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá nà, ẹ béèrè pé: níbo ni mo ti ń gbọ́ ọ? Bó bá jẹ́ àárín itan, tó gbòòrò, tó gbóná, tó ń dínkù bí ẹ ṣe ń mí, fífà ni, ẹ máa bá a lọ. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí, tó wà nítòsí oríkèé tàbí nísàlẹ̀ ìdí, tó mú bí abẹ́rẹ́, ríro nìyẹn, ojú ìrán ni ẹ ń fà. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó fara dà á.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe fífà, kì í ṣe ríro: ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ, tàbí kí ẹsẹ̀ kú tìpìrì, tàbí kí iná kan sáré láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Okùn ìmọ̀lára, èyí tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, ni ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀. A kì í na okùn ìmọ̀lára. Ẹ jáde lójú ẹsẹ̀.

Àwa tí a ń kúnlẹ̀ kí àgbà láti kékeré, ẹ jẹ́ kí n dá ti ìkúnlẹ̀ yọ. Ìjókòó kan wà nínú yógà tí a fi ń jókòó lé gìgísẹ̀. Ó rọ̀ wá lọ́rùn, a sì lè rò pé a lè wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Okùn ìmọ̀lára kan gba ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún kọjá, lábẹ́ awọ níbẹ̀, kò sí ẹran tó bò ó. Bí ẹ bá jókòó lé e fún wákàtí pípẹ́, iwájú ẹsẹ̀ lè kọ̀ láti gbé sókè nígbà tí ẹ bá ń rìn. Láti 1971 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tí a fi ń kí èèyàn kì í pẹ́, kò léwu. Tiyín lórí ẹní, ẹ dìde kí ẹsẹ̀ tó kú.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣọ́ ibi mẹ́rin

*Ìdí àti ẹ̀yìn.* Ẹ wo ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ojúde láàárọ̀. Kò ká ẹ̀yìn kò. Ìbàdí ló ti tẹ̀, orúnkún rọ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ń kírun náà mọ̀ ọ́n: ní rùkúù, ọwọ́ á di orúnkún mú, ẹ̀yìn á tẹ́ bí tábìlì. Ibẹ̀ ni kí gbogbo títẹ̀síwájú yín ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n fi ojú wo ìdodo àti igi àyà: aláfo tó wà láàárín méjèèjì kò gbọdọ̀ kúrú. Bó bá ti ń kúrú, ìbàdí ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, eegun ẹ̀yìn ló ń sanwó ìyókù. Ẹ rọ orúnkún. Nígbà ìjókòó, ẹ fi ìró kíká gbé ìdí sókè, kí ẹ sì fi ọ̀já kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ká ní mo ti ṣe èyí ni, aṣọ Iléyá ọdún yẹn ì bá yá.

*Orúnkún.* Ìlẹ̀kùn ni orúnkún, ó ń ṣí, ó ń tì. Kì í yí bí ọmọ odó. Ìbàdí ló ń yí. Àwọn tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé itan bí àwòrán àwọn ará Íńdíà, bí ìbàdí wọn kò bá tíì ṣí, orúnkún ni wọ́n ń lọ́ bí aṣọ tí a fọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohunkóhun nínú orúnkún, kódà kó jẹ́ 1 nínú 10, ẹ tú ẹsẹ̀ ká. Ìjókòó lásán, ẹsẹ̀ kíká bí ti ọmọ ilé kéwú, ìró kíká lábẹ́ ìdí, ó tó. Nígbà ìdúró tí orúnkún iwájú máa ń tẹ̀, kí orúnkún dojú kọ ìka ẹsẹ̀ kejì, kó má wó sínú.

*Ọrùn-ọwọ́ àti èjìká.* Ẹni tó ń rán aṣọ, tó ń di irun, tó ń yan gàrí tàbí tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ ti lo ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kó tó dé orí ẹní. Bí ẹ bá gbé ara lé ọwọ́, ẹ ya ìka ká, kí ẹ fi ìdí àtàǹpàkò àti ti ìka ìfábẹ̀lá tẹ ilẹ̀, kí gbogbo ìwọ̀n má bàa wó lé ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ń dùn, ẹ fi apá ìsàlẹ̀ lélẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́, tàbí kí ẹ ṣe é lára ògiri. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọwọ́, ẹ jẹ́ kí orúnkún kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí èjìká má sì sọ̀ kalẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ lọ.

*Ọrùn.* Níbi yìí ni wọ́n ti máa ń bá mi jiyàn. Wọ́n á ní, "Patronne (ọ̀gá wa obìnrin), àwa tí a ti ń ru omi láti ọmọ ọdún mẹ́fà, ọrùn wa le." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tó ru igbá lọ sí ọjà: òṣùká wà lórí, ọrùn nà ṣánṣán, ojú ń wo iwájú, bí ẹrù bá fẹ́ wó, ó máa ju ẹrù sílẹ̀. Ẹni tó fi orí dúró kò lè ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá wó, ọrùn ló máa wó lé. Èyí tí wọ́n fi èjìká dúró tí ẹsẹ̀ sì ń lọ kọjá orí náà, ó ń tẹ ọrùn síwájú pẹ̀lú ìwọ̀n ara lórí rẹ̀. A kì í ṣe méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀, ẹsẹ̀ tó fúyẹ́ àti ara tó balẹ̀, ẹ lè rí i nípa sísùn sórí ẹ̀yìn kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sára ògiri fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aboyún oṣù márùn-ún sókè kò ní ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu dáadáa ti rí ẹ̀kọ́ yìí lójú agbo. Igi gbígbẹ́ wà lórí oníjó, ṣaworo wà lẹ́sẹ̀, ó sì ń jó kíkankíkan. Ẹ wo orúnkún rẹ̀: ó ti rọ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ẹ wo ọrùn rẹ̀: kò mì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ kọ́ bí a ṣe ń sọ pé ó tó

A tọ́ wa pé kí a má já olùkọ́ níròó. Nígbà tí olùkọ́ bá wá láti ẹ̀yìn, tó gbé ọwọ́ lé yín tó sì tẹ̀ yín mọ́lẹ̀, ẹnu á di, ẹ ó máa fara dà á torí ọ̀wọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ náà sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ti tó mi." Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á béèrè kó tó fọwọ́ kan yín. Èyí tó bá ń bínú pé ẹ sọ̀rọ̀, ẹ wá òmíràn.

Ti fóònù yàtọ̀. Fóònù kò lè rí yín. Ẹ kọ́kọ́ wo fídíò tán lórí ìjókòó, kí ẹ tó bọ́ sórí ẹní, torí pé ẹni tó ń yí ọrùn wo fóònù nínú ìdúró tó le ló máa ń fi ọrùn ṣèṣe. Ìṣẹ́jú ogún tí ẹ ṣe láì wo ẹnikẹ́ni dára ju wákàtí kan tí ẹ fi ń lé ọmọ ọdún méjìlélógún kan lórílẹ̀-èdè mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ jáde pẹ̀lẹ́

Ọ̀pọ̀ ìpalára máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn ń jáde, torí pé ọkàn ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ni kí ẹ gbà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ sùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ọwọ́ ti ara yín dìde. Orí ló máa gòkè kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ẹ gbọ́ tẹnu ọjọ́ kejì

Kí ara máa ro díẹ̀ káàkiri lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta kò burú, iṣan tó ṣiṣẹ́ ni. Á lọ fúnra rẹ̀. Kí ojú kan ṣoṣo máa dùn, kó máa pọ̀ sí i, kó sì jí yín lóru, ìyẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ìwé kékeré tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà ni mo ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ti ara mi: ọjọ́, ohun tí mo ṣe, ibi tó dùn mí, iye rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìdí mi fi ń pariwo, bí mo bá ti ń kọ ọ́ nígbà náà, ǹ bá ti rí i pé 2 ti di 3, 3 ti di 5.

Bí ìpalára bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ fi aṣọ we omi inú ọ̀rá tó ti dì, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí tàbí ìpara gbígbóná ra á tipátipá, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fà á "kó lè padà sí ipò". Mo mọ̀ pé ìyá yín á ti gbé òrí dé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀.

Àwọn kan wà tí a kì í fi ṣe ìdúró-wò. Bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bá rọ tí kò lágbára, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tàbí tó ń jáde fúnra rẹ̀, bí àárín itan méjèèjì bá kú tìpìrì, bí àyà bá ń dùn, tàbí bí orí fífọ́ líle, òòyì àti ọ̀rọ̀ tí kò já geere bá tẹ̀lé ọrùn yíyí, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gun zẹ́mì (ọ̀kadà) ní ẹ̀yin nìkan, kí ẹnì kan bá yín lọ.

Ti ìpadàbọ̀, ohun tí kiné sọ fún mi yà mí lẹ́nu. Mo rò pé yóò ní kí n máa na ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n má nà án rárá, kí n mú un lágbára: kí n sùn sórí ẹ̀yìn, kí n fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí n gbé ìdí sókè, kí n ka mẹ́wàá, kí n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́. Bí ìrora kò bá ju 3 lọ, tó sì ti lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n fi ọ̀kan kún un. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí n yọ ọ̀kan. Ó ní kí n tún fi aṣọ kíká sórí àga ìránṣọ mi, kí n sì máa dìde ní gbogbo ìdajì wákàtí. Mo tẹ̀lé e, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n.

Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ mi kò tíì kan ìka ẹsẹ̀ mi. Ọ̀já ni mo fi ń mú un, èyí tí mo fi pọn àbígbẹ̀yìn mi. Ó gùn dáadáa, kì í sì í nà.